Alùpùpù Forí Lé Oko: Ìpéjọ Òpin Ọ̀sẹ̀ Àwọn Tí Ìlú Kò Fún Láyè

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìpapó mọ̀ pé alùpùpù ni ẹsẹ̀ agbègbè náà. Òun ló ń kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ jáde lóko, òun ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti abúlé wá sílé ìwé. Ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀kadà ṣe. Àmọ́ lókè òkun, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn ti ń gun alùpùpù jáde nílùú lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí ara ti lè rọ̀ wọ́n.

Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti gbilẹ̀. Ní 1954, àwọn ọkùnrin kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Satyrs Motorcycle Club sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń bẹ títí dòní, ó sì wà lára àwọn ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tó pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, ilé ọtí díẹ̀ ni irú wọn ti lè ríra, àwọn ọlọ́pàá kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sinmi níbẹ̀. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ lè bá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí onílé sì ní kó kẹ́rù. Ní 1955, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ọtí èyíkéyìí tó bá di ojúkò wọn. Ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà tó fagi lé e.

Kí wá ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n gba oko lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ Satyrs ti ń ṣe àpéjọ ọdọọdún lórí òkè Sierra Nevada, níbi tí wọ́n ń pè ní Badger Flat, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń sinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Wọ́n á pàgọ́, wọ́n á dáná, wọ́n á jẹun, wọ́n á ṣeré. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oníkálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Gbígba irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ iye èrò tó ń bọ̀ kí ọjọ́ tó pé, torí omi ni yóò kọ́kọ́ tán. Ṣáláńgá ló tẹ̀ lé e. Nínú igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bí èrò bá ti tó 75, ẹni tó pè wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó péjọ. Ó tún yẹ kí aládùúgbò gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ariwo ẹ́ńjìnì ń bọ̀, kí ẹran ọ̀sìn ẹni ẹlẹ́ni má baà sá wọgbó.

Ìrìn ojú ọ̀nà náà ní ètò tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀nà ló ń síwájú. Ẹni tó lóye alùpùpù jù, tó gbé irinṣẹ́ àti ohun tí wọ́n fi ń lẹ táyà dání, ló ń gbẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni tí máṣíìnì rẹ̀ bá kú. Àwọn tó wà láàárín kì í tò gbọọrọ tẹ̀ lé ara wọn: bí ọ̀kan bá wà lápá òsì, èyí tó tẹ̀ lé e á súnmọ́ ọ̀tún, kí oníkálukú lè ráyè tẹ bíréèkì. Táǹkì tó kéré jù láàárín wọn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí gbogbo wọn yóò ti dúró rapo.

Bí wọ́n bá dé oko, nǹkan kékeré kan wà tí ẹni tí kò tíì ṣe é rí máa ń gbàgbé. Alùpùpù ńlá lè wúwo ju igba kílò lọ, síbẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló fi ń fara tì. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, irin náà á máa rì díẹ̀díẹ̀ tí kò ní sẹ́ni tó fura, títí alùpùpù yóò fi ṣubú lóru, bóyá kó tún wó lu ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùgbàlejò tó bá mọṣẹ́ á ti to pátákó pẹlẹbẹ tàbí agolo tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan sábẹ́ irin tirẹ̀. Ó dára kí ọtí má jáde títí gbogbo kọ́kọ́rọ́ yóò fi wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í mu ún. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ẹlòmíì ní fọ́tò láìgbàṣẹ, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹbí àti ọ̀gá iṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1976 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California, tí ìfẹ́ láàárín àgbàlagbà méjì tí ara wọn jọ gbà á kò fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn obìnrin díẹ̀ gun alùpùpù síwájú ìwọ́de ńlá wọn ní San Francisco. Ìdí tí wọ́n fi síwájú kò ju pé alùpùpù kì í fẹ́ rìn bí ẹlẹ́sẹ̀. Bó bá ń fà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ́ńjìnì á gbóná. Ẹgbẹ́ wọn, Dykes on Bikes, ló ń ṣíwájú ìwọ́de náà títí di òní.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn jáde nílùú. Ní 2005, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fẹ́ obìnrin wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun Southend-on-Sea. Phyll Opoku-Gyimah, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan yẹn ló bí UK Black Pride, tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ lónìí.

Bí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ yìí padà sí Ìpapó ńkọ́? Ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbẹ ọ̀nà láti ìparí ọdún dé oṣù kẹta. Àmàlà wà, wàrà àwọn Fúlàní wà, mẹkáníìkì tó lè tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ lábẹ́ igi kí ó sì tò ó padà kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí kò sí ni ààbò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbéyàwó nìkan ni òfin náà dá lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ló fi lélẹ̀ fún ìgbéyàwó, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, tó bá kópa nínú rẹ̀, tàbí tó bá ṣe àtìlẹ́yìn fún ìpàdé tàbí ìwọ́de wọn. Ẹni tó yọ̀ǹda oko rẹ̀ fún wọn lópin ọ̀sẹ̀ lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́, àní bí kò tilẹ̀ sí lára wọn.

Ohun tí òfin náà ń ṣe kò mọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n mú sọ pé ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 lára wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, torí olùpẹjọ́ kò ṣe ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ, fọ́tò wọn sì ti káàkiri. Àwọn oníjìbìtì náà rí àǹfààní nínú òfin yìí: wọ́n á tan ọmọ ẹlòmíì wá síbi ìkọ̀kọ̀, wọ́n á lù ú, wọ́n á gbowó ọwọ́ rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kító ni àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ń pè é.

Ó yé èèyàn pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, gbà pé ìgbé ayé yìí kò tọ́. Ẹ̀sìn oníkálukú lè sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ìyẹn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti na ọmọ ọlọ́mọ, tàbí láti sọ oúnjẹ àti ìtàn lábẹ́ igi di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin ní Abùjá yẹ òfin 2014 wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abala yẹn, kí wọ́n yọ èyí tó kan ẹgbẹ́ àti ìpàdé kúrò.

Títí wọ́n yóò fi ṣe é, nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé. Bí ẹ bá gbọ́ pé irú àwọn èèyàn yìí wà ládùúgbò yín, ẹ má ṣe kó èrò jọ lé wọn lórí, ẹ má sì ṣe gbé fọ́tò wọn sórí fóònù. Bí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n ń lù, ẹ gbà á sílẹ̀.