Láptọ́ọ̀pù tó sùn tí kò jí: Ẹ kó àkọsílẹ̀ ọjà yín jáde kí wọ́n tó fọ́máàtì rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣírò owó ọjọ́ náà tán nírọ̀lẹ́, wọn kì í pa láptọ́ọ̀pù. Wọ́n á kàn pa ìdérí rẹ̀ dé kó lè sùn, wọ́n á gbé e sínú báàgì, ó dilé. Bí wọ́n bá ṣí i lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì títí, kò ní í dáhùn. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo oníbàárà tó jẹ gbèsè wà, àti iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá jẹ́ Linux, irú bíi Ubuntu, ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ẹni tí wọ́n bá gbé e lọ bá lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé Linux ló fà á, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀, kí òun sì gbé Windows sí i. Ẹ má tíì gbà o. Fọ́máàtì á nu gbogbo àkọsílẹ̀ yín dànù, ó sì lè jẹ́ pé hard disk gan-an ló ń kú lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí Windows tó lè wò ó sàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí oorun kọ̀ǹpútà jẹ́. Bó bá ń sùn, ojú rẹ̀ àti hard disk á sinmi, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ ṣì wà nínú RAM, bátìrì ló sì ń fún RAM níná. Bí bátìrì tòkunbọ̀ tí kò lè gbé wákàtí kan bá kú lóru, gbogbo ohun tí ẹ kò tíì tọ́jú pamọ́ ti lọ nìyẹn. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi hard disk, bátìrì tuntun ló ń fẹ́.

Ìgbà tó bá ń jí ni ọ̀rọ̀ hard disk máa ń jáde. Èyí tó jẹ́ oríṣi tó ń yí gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kó sì dáhùn. Èyí tó ti ń ṣàárẹ̀ lè má dáhùn. Ẹ lè máa gbọ́ tí ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Fáìlì kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí lójú kọ̀ǹpútà: "Read-only file system". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Linux rí àṣìṣe lórí hard disk, ó wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan kan sí i mọ́, kí èyí tó kù má baà bàjẹ́. Àwọn kan máa ń bínú sí i nítorí èyí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ọjà yín ló ń ṣọ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kó lè kú pátápátá, kí ẹ wá tún un tàn. Bó bá gbéra, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ da ìwé ìṣirò yín sórí fláàṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Bí kò bá gbéra, ẹ wá fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, ẹ fi gbé kọ̀ǹpútà náà dìde láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú àtikó fáìlì yín jáde láti ibẹ̀. Bí hard disk bá ti bàjẹ́ jìnnà, ẹni tó mọ ddrescue lò ni kí ẹ wá, kó fi da gbogbo rẹ̀ sórí òmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lo fsck, tó ń ṣàtúnṣe fáìlì, nítorí ó lè dá kún ìbàjẹ́ hard disk tó ń kú lọ.

Fún àyẹ̀wò, ẹ ṣí Terminal, ẹ tẹ journalctl -b -1 -e. Yóò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn kí kọ̀ǹpútà tó kú hàn yín. Bí ẹ bá rí "I/O error" níbẹ̀, hard disk ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo apt install smartmontools, kí ẹ sì tẹ sudo smartctl -a /dev/sda. Hard disk fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé àìsàn ara rẹ̀, ohun tí ẹ ó sì kà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí "PASSED" tó wà lókè tàn yín jẹ, hard disk tó ń kú lọ lè ṣì máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Reallocated_Sector_Ct, ìyẹn ibi tó ti bàjẹ́ tó sì ti fi òmíràn rọ́pò, àti Current_Pending_Sector, ìyẹn ibi tí kò rí kà dáadáa. Òdo ló yẹ kó wà ní ìparí ìlà méjèèjì. Bí UDMA_CRC_Error_Count nìkan ló ń pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti so hard disk mọ́ kọ̀ǹpútà ló dẹ̀.

Ní 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé ìwádìí jáde lórí hard disk tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé èyí tó bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ nígbà tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, ewu pé yóò kú láàárín ọjọ́ 60 jẹ́ ìlọ́po 39 ti èyí tí kò rí irú rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kú ni kò fi àmì pàtàkì kankan hàn ṣáájú. Nítorí náà, kí òdo wà níbẹ̀ kò ní kí ẹ má ní ẹ̀dà lórí fláàṣì.

Bí hard disk bá mọ́, tí bátìrì sì lágbára, a jẹ́ pé Linux náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ṣe àtúnṣe tuntun ni kò jí mọ́, ẹ yan "Advanced options for Ubuntu" nígbà tó bá ń gbéra, kí ẹ mú kernel ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jí dáadáa pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ti mú olè.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mú fláàṣì Ubuntu dání lọ sọ́jà. Ẹ ṣí Disks, ẹ wo "SMART Data", ibẹ̀ náà ni iye wákàtí tí hard disk ti fi ṣiṣẹ́ wà. Ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.