Ẹ̀wà àti elégédé ìgbà ìwọ́wé: Omi àti iná ló ń mú un kúnná

Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á to elégédé jọ pelemọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà. Àwọn kan á gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára fún àjọ̀dún Halloween; àwọn mìíràn á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà funfun, wọ́n á wá máa fi búrẹ́dì bù ú jẹ. Téèyàn bá wò ó, iṣẹ́ kékeré ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ̀ ọ́ tí kì í kúnná, tó ń ṣe kókó lẹ́nu, tí wọ́n á sì ní ẹ̀rọ ìlọta wọn ni kò dáa. Inú ìkòkò ni nǹkan ti bàjẹ́, kí ẹ̀rọ tó débẹ̀.

Ẹ̀wà yìí kì í ṣe irú èyí tí a fi ń dín àkàrà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni tiwa ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lèyí, bíi ti elégédé. Kí òyìnbó tó débẹ̀ làwọn Haudenosaunee ní Àríwá Amẹ́ríkà ti ń gbin méjèèjì pọ̀ mọ́ àgbàdo sórí ebè kan náà: ẹ̀wà á lọ́ mọ́ igi àgbàdo, ewé elégédé á tẹ́ sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí koríko rọ́nà hù.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ká onísè lára ni májèlé. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́kítìn wà nínú ẹ̀wà yìí nígbà tó bá wà ní tútù. Inú ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín ló ti pọ̀ jù. Ti funfun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀wà pupa 4 tàbí 5 péré tí kò jinná lè mú kí èèyàn máa bì láàárín wákàtí 1 sí 3. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 5, ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó iná gbé e sínú ìkòkò tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ooru tí kò tó mú omi hó lè mú májèlé náà le ju ti tútù lọ. Ti inú agolo ti jinná, kò séwu.

Kó jinná yàtọ̀ sí kó rọ̀. Pẹ́kítìn ló so ara ẹ̀wà pọ̀ bí àtè, kálísíọ̀mù inú omi sì máa ń mú un le. Omi Lọ́ńdọ̀nù kún fún kálísíọ̀mù. Ẹ wo inú kẹ́túlù tó ti ṣiṣẹ́ fóṣù mélòó kan, ẹ ó rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹfun. Ìyẹn ló ń bá ẹ̀wà jà nínú ìkòkò. Sódà tí a fi ń ṣe kéèkì ló ń tú pẹ́kítìn ká: ìdajì ṣíbí kékeré tó fún gíráàmù 250 ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Kaún tí wọ́n ń jù sínú ẹ̀wà, ohun kan náà ló ń ṣe. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀wà á dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí èèpo rẹ̀ bá yọ̀, tí inú rẹ̀ fọ́ bíi bọ́tà láìku kókó kankan, ó ti tó lọ̀.

Iṣẹ́ ti elégédé ò ṣòro. Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí kún fómi, kò dùn. Kékeré tí ẹran ara rẹ̀ le ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gé e, ẹ fi òróró ólífì ra á lára, ẹ yan án pẹ̀lú ááyù tí ẹ ò bó, títí etí rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ̀wà ṣì gbóná. Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ìgbẹ̀yìn ló ń wọlé, torí omi kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ẹni tó bá fún un sínú ìkòkò tó ń hó lọ́wọ́ á dúró ti iná dalẹ́.