Ẹni Tí Ń Yẹ Páwà Páàkì Wò Náà Ni Ó Ń Tà Á

Ní Tudun Wada ti ìlú Kaduna, níbi tí òòlù àwọn oníṣẹ́ irin Panteka kì í ti í sinmi láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tí Kaduna Polytechnic sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ìgbà tí ó ṣì ń jẹ́ Kaduna Technical Institute ní 1956, irú ọmọ Ògún Lákáayé kan wà tí kì í rọ ọkọ́, tí kì í sì í rọ àdá. Òun ni a ń pè ní ẹnjiníà kọ̀ǹpútà, tí àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pè ní mai gyara. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé, oníṣòwò tí ń bá ará àdúgbò tẹ ìwé, ọ̀dọ́ tí eré orí ẹ̀rọ ti gbà lọ́kàn, gbogbo wọn ni ó ń ru àpótí tòkunbọ̀ wọn tọ̀ ọ́ lọ pé kí ó bá àwọn fi nǹkan kún un, kí ó lè yára, kí ó lè ríran, kí ó lè bá ẹgbẹ́ mu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú owó àti ìṣó nínú gbogbo èyí ni pé, ǹjẹ́ páwà páàkì inú àpótí náà, èyí tí ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, lè gbé ẹrù tuntun tí a fẹ́ dì lé e lórí?

Àríyànjiyàn kìíní láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí ni ti nọ́ńbà tí a kọ sí ara páwà páàkì. Apá kan nínú wọn gbà pé bí a bá ti kọ 450 wáàtì gàdàgbà sí i, 450 náà ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa tú ìdí ọ̀rọ̀ wò. Apá kejì, tí èmi náà wà lẹ́yìn wọn, sọ pé nọ́ńbà ńlá yẹn wà fún ọjà títà, àti pé àwọn ìlà wínníwínní tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí a fi ojú sí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní àti káàdì àwòrán rẹ̀, láti ara wáyà yẹ́lò ti 12 fólítì ni wọ́n ti ń jẹun. Bí a bá sì fi iye áńpù sọ iye fólítì di púpọ̀, wáàtì ni à ń rí. Nítorí náà, páwà páàkì tí ń fi 450 yangàn níwájú, ṣùgbọ́n tí ìlà 12 fólítì rẹ̀ kò ju 14 áńpù lọ, 168 wáàtì péré ni ó ní fún iṣẹ́ tí ó jẹ́ kókó. Ìyókù wà lórí wáyà pupa ti 5 fólítì àti ti aláwọ̀ ọsàn tí í ṣe 3.3, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń mu iná wọn kí Pentium 4 tó dé ní 2000, tí àwọn ti ìsinsìnyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹrù náà fúnra rẹ̀. Káàdì àwòrán tí kò ní wáyà tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà ju 75 wáàtì lọ láti ojú ihò tí a fi í sí. Bí ó bá ní ojú wáyà ẹlẹ́nu mẹ́fà, 75 mìíràn ni a ní láti rò mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́jọ, 150 ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lásán lè gbà tó 65 tàbí 95. Ẹni tí ó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí ó tún fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ fún ogbó, yóò mọ̀ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àti pé páwà páàkì tí a ṣe fún àpótí ọ́fíìsì tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè di ti eléré ní ọ̀sán gangan.

Àríyànjiyàn kejì ni ti bí a ṣe ń dán an wò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ náà tú páwà páàkì sílẹ̀, kí ó gbọn ekuru ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ̀, kí ó tẹ wáyà kékeré tí a fi ń di bébà pọ̀, kí ó sì fi so wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú. Fáànù a yí bírí, oníṣẹ́ a ní, “Ọ̀gá, ó dáa.” Ṣùgbọ́n yíyí fáànù kì í ṣe ẹ̀rí agbára, ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà jí lójú oorun ni, kò sì sọ fún wa bóyá ó lè ru ẹrù. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a dá a padà sínú àpótí, a fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ tí ó le, a wá fi mítà kan wáyà yẹ́lò náà nígbà tí ẹ̀rọ ń làágùn: bí ó bá wà láàárín 11.4 àti 12.6, ó ṣì ń mí dáadáa. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù ti ju orí. Yóò tún ti ojú ihò atẹ́gùn yọjú wo àwọn kapásítọ̀ bóyá orí wọn ti wú tàbí omi pupa rúsúrúsú ti ń sun jáde lára wọn, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, nítorí iná tí ó ju 300 fólítì lọ lè ṣì fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fa wáyà kúrò lára ògiri.

Iná ilẹ̀ wa tún ní tirẹ̀ láti sọ. Àpótí tí ó ti Amẹ́ríkà dé, tí bọ́tìnnì pupa ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lórí 115, bí a bá kì í bọ iná 230 fólítì ti Nàìjíríà, ìró kan ṣoṣo ni a óò gbọ́, èéfín a sì tẹ̀lé e. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń dá bọ́tìnnì yìí padà sí 115 nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ lè tàn. Ìgbà tí iná bá gòkè padà ni wọ́n tó mọ̀ pé ikú ni àwọn fi ọwọ́ fà. Irú àpótí àlòkù bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n: nígbà tí Basel Action Network, ẹgbẹ́ tí ń tọpa ẹ̀rọ àlòkù, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Èkó ní 2005, nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n ní ó ń wọlé lóṣù kan, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé lò. Òfin ti jáde láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àpótí láìyẹ inú rẹ̀ wò ní Kaduna, ojú oníṣẹ́ nìkan ni asà rẹ̀.

Èyí ni ó mú wa dé orí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jùlọ. Oníbàárà gbé àpótí dé, ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ bá mi fi RAM kún un.” Oníṣẹ́ wò ó fìrí, ó dáhùn pé, “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, páwà páàkì yìí ti rẹ̀ o, yóò dára kí ẹ kúkú ra òmíràn.” Bẹ́ẹ̀ RAM kan kì í gbà ju wáàtì díẹ̀ lọ, SSD tí a sì fi rọ́pò háàdì dísìkì a máa dín ẹrù kù ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn gbé káàdì àwòrán ńlá dé, oníṣẹ́ kan náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó kì í bọ̀ ọ́, nítorí pé òun náà ni ó ta káàdì. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò ni ẹni tí ń jèrè, àwọn baba wa sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Àwọn oníṣẹ́ ní àwíjàre, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún wíwò. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan yẹ ẹ̀rọ wò, tí wọ́n sì sọ òtítọ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, ẹ ṣeun ni wọn yóò gbọ́, wọn kò ní rí kọ́bọ̀. Orí ohun títà nìkan ni owó ọ̀yà ṣọ́ọ̀bù ti ń jáde. Òtítọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí èmi kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń pariwo pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni yóò wo àrùn yìí sàn. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní Polytechnic àti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, ìdánwò kan náà ni ó sì ń dojú kọ wọ́n.

Ohun tí yóò tún un ṣe ni pé kí a ya owó wíwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó títà, kí oníṣẹ́ sì kọ nǹkan mẹ́ta sí bébà fún oníbàárà: iye áńpù ìlà 12 fólítì, ohun tí mítà sọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti àròpọ̀ wáàtì ẹrù tí a fẹ́ fi kún un. Ẹni tí ó bá ní bébà yìí lọ́wọ́ lè gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kejì láti ra ohun tí ó bá nílò, tàbí kí ó má ra nǹkan kan. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ san owó ojú àti ìmọ̀, owó páwà páàkì tí kò nílò ni yóò máa san, tàbí ti kọ̀ǹpútà tí ó ti jóná.