Bọ́tìnnì Kì í Ṣe Lẹ́tà: Bí Ètò Python Ṣe Ń Gba Ìtẹ̀wé Yorùbá

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àti ìgbà tí lẹ́tà bá hàn sí ojú. Ìrìn náà kúrú púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni ohùn Yorùbá ti lè sọnù.

Èdè Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ní irinṣẹ́ kan tí à ń pè ní tkinter, èyí tí a fi ń ṣe fèrèsé àti àpótí ìkọ̀wé. Nínú rẹ̀, ètò kì í wá ìka kiri. Ńṣe ni ó ń dúró de ìròyìn. Àṣẹ bind ni a fi ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe bí ìròyìn bá dé. KeyPress ni ìròyìn ìtẹ̀. KeyRelease ni ti ìtúsílẹ̀.

Ohun mẹ́ta wà nínú ìròyìn náà tí kò yẹ kí á dà pọ̀. Keycode ni nọ́ńbà bọ́tìnnì. Keysym ni orúkọ rẹ̀. Char ni ohun tí ó kọ. Shift ní nọ́ńbà, ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n char rẹ̀ ṣófo.

Ibi tí ewu wà nìyí. Olùṣètò tí ó fẹ́ kí lẹ́tà nìkan wọ inú àpótí lè fi isalpha yẹ char wò. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a dá "break" padà, ìtẹ̀ náà a sì di asán. Lẹ́tà à yóò kọjá, nítorí pé ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ṣùgbọ́n ọ́ kò ní irú rẹ̀: ọ ni, tí àmì ohùn òkè tẹ̀ lé. Python kò sì ka àmì ohùn yìí sí lẹ́tà. Nítorí náà, bí bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ bá ń fi àmì náà ránṣẹ́, ẹni tí ó fẹ́ kọ ọkọ́ tí à fi ń roko yóò bá ọkọ ìyàwó nínú àpótí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á má ṣe dá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́. Kí á dúró de KeyRelease kí á tó ka ohun tí ó wà nínú àpótí, nítorí pé nígbà tí KeyPress tí a so mọ́ ọn bá ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà tuntun kò tíì wọlé. Kí á fi unicodedata.normalize sọ ọ̀rọ̀ náà di NFC, kí ìkọsílẹ̀ oríṣiríṣi lè bára mu. Kí á sì fi unicodedata.combining dá àmì ohùn mọ̀, kí á gbà á wọlé pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Odindi ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ètò wò kí ó tó kọ apá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀.