Ohun Tí Alùpùpù Yìí Ti Gbé Mì

Kò sí alùpùpù tó lè gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló ti ìsàlẹ̀ lọ dé ìlú àtijọ́ tó wà láàárín àpáta, ẹsẹ̀ nìkan ló sì ń gbéni débẹ̀. Ọdún 1923 ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá dó sí Odòde. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán ni ohun tó ń fi táyà rìn tó rí wọn bá rìn. Nínú gbogbo wọn, alùpùpù ló wọnú oko jù.

Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ ìdí rẹ̀. Ìlú kòkó ni, ọ̀nà oko kòkó kò sì gba mọ́tò: àpáta níhìn-ín, odò lọ́hùn-ún, ẹrọ̀fọ̀ nígbà òjò. Àpò kòkó gbígbẹ kan wúwo ju kìlógíráàmù 60 lọ. Ẹ di méjì sẹ́yìn alùpùpù, kí olóko fúnra rẹ̀ jókòó síwájú, ẹ ó mọ irú ìyà tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń jẹ.

Lára àwọn alùpùpù àtijọ́ tí àwọn tó mọyì nǹkan ń wá kiri láti tún ṣe ni Honda CG125, èyí tí àwọn tó ń gùn ún ń pè ní Sí-Jíì. Ọdún 1976 ló jáde, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé. Ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é yẹ ní gbígbọ́. Ṣáájú rẹ̀, òkè ẹ́ńjìnnì ni káámù máa ń wà nínú irú alùpùpù Honda bẹ́ẹ̀. Káámù ni irin tó ń ṣí fáàfù tó sì ń pa á dé. Bó ṣe wà lókè yẹn, ọ́ìlì tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ máa gùn lọ bá a nígbà gbogbo. Ní Japan, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí alùpùpù ti jẹ́ irinṣẹ́ òòjọ́, ọ́ìlì á dúdú, á gbẹ, káámù á sì jẹ. Honda rán àwọn ẹnjiníà wọn lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa: ẹrù tó ju agbára lọ, eruku, àti ẹni tó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó ń ṣe é.

Wọ́n lè kọ ìwé ìkìlọ̀ jàn-ànràn jan-anran ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tún rò. Wọ́n gbé káámù wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì kì í ti í tètè wọ́n, wọ́n wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti fáàfù láti ibẹ̀ lọ sókè. Wọ́n bo ṣéènì pátápátá kí iyanrìn má baà máa jẹ ẹ́. Wọn ò fi fítà bébà tí èèyàn yóò máa rà pààrọ̀ sí i. Ife irin kékeré kan ni wọ́n fi sétí kíránkì, tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Bó ṣe ń yí ló ń ju ìdọ̀tí inú ọ́ìlì mọ́ ara ògiri rẹ̀, ìdọ̀tí náà á sì dì síbẹ̀, ọ́ìlì á máa lọ. Ẹ́ńjìnnì onísùúrù ni wọ́n ṣe, torí pé wọ́n ti mọ̀ pé olówó rẹ̀ yóò gbàgbé.

Àsìkò tó bọ́ sí náà dára ní Nàìjíríà. Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ní nǹkan bí ọdún 1975 ti sọ ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé di alálùpùpù. Lọ́dún 1979, Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ìgbà tó di 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí ìjọba sì tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, àgbẹ̀ rí owó kòkó gbà ju ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n alùpùpù tuntun ti gbówó lérí. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n rọ́jú lò. Nígbà tí iṣẹ́ sì wọ́n nígboro, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù kó èrò, wọ́n fi orúkọ Okada Air, ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, pè é. Ohun tí bàbá fi ń ru kòkó, ọmọ fi ń ṣe ọ̀kadà.

Lẹ́yìn náà ni ti Ṣáínà dé. Ẹ́ńjìnnì Sí-Jíì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn wò ṣe tiwọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé písítìnì, ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà ní sọ́ọ̀bù dòní. Àwọn àwòkọ ló ń fún bàbá ní oògùn. Sí-Jíì tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, ṣì lè jí.

Àmọ́ jíjí rẹ̀ lọ́nà tó ń gbà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, á fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ríǹgì tó ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà kò fẹ́ agídí. Ẹni tó bá tẹ kííkì tipátipá á kán an. Bí wọ́n bá ń tú u, ọmọ iṣẹ́ á máa to bọ́ọ̀tì sórí páálí bí wọ́n ṣe ń jáde, torí wọn ò gùn bára mu. Ọ̀pá méjì tó ń ti fáàfù náà kò gbọ́dọ̀ gba ipò ara wọn.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń fọ irin. Àwọn kan ń lo bẹntiróòlù torí ó tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n oru rẹ̀ máa ń rìn lọ bá iná níbi tí ojú ò tó. Orí písítìnì á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Irin rírọ̀ ni, sukudiráfà á dọ́gbẹ́ sí i lára. Igi tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ha á díẹ̀díẹ̀. Táǹkì tó ti dípẹtà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i pẹ̀lú kẹrosíìnì, wọ́n á sì mì í títí apá á fi ro wọ́n. Òkúta kúkú ni Ìdànrè ní.

Kábúrétọ̀ ló fẹ́ ẹ̀sọ̀ jù. Bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú rẹ̀ á fà bí oje igi, á dí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú á mú wáyà. Ọ̀gá á jágbe mọ́ ọn: "Gbé wáyà yẹn sílẹ̀! Lọ fẹ́ ẹ lọ́dọ̀ fọganáísà." Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì náà. Bí wáyà bá fẹ ihò rẹ̀, epo á máa pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á máa dúdú, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

Bí sílíńdà bá ti jẹ, wọ́n á gbẹ́ ẹ fẹ̀ kí písítìnì tó fi 0.25 mílímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí wọ́n wá sílíńdà mìíràn.

Lọ́dún 2007, Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO sọ di ogún àgbáyé. Ilé tó wà lókè yẹn, bí kò bá ti wó, ó ti tó ogún. Ogún ti ìsàlẹ̀, ìyẹn alùpùpù yìí, le jù bẹ́ẹ̀: àfi kó tún ru kòkó.

Ife kékeré etí kíránkì tó ń gba ìdọ̀tí ọ́ìlì yẹn ni wọ́n máa ń ṣí gbẹ̀yìn. Ìdérí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ló sì ti gun Sí-Jíì títí tí wọ́n fi tà á láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ìdérí bá ṣí, ohun tó dúdú bí ọ̀dà, tó le bí amọ̀ tó ń gbẹ, ni yóò wà nínú rẹ̀: eruku irin, èédú, ọ́ìlì ọdún tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Gbogbo ìgbà tí kòkó so tí ọ̀nà oko sì di kíákíá, tí wọ́n ní àwọn á pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló wà. Ẹ́ńjìnnì kò ráhùn. Ó ń gbé e mì.

Ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe kì í tètè dà á nù. Á gbé ife náà tọ olówó alùpùpù lọ, á ní: "Bàbá, ohun tó yẹ kí ẹ ti dà nù nìyí. Òun ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò ha á, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò dá a padà, tí yóò sì ní kí wọ́n lọ ra ọ́ìlì wá. Lítà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.