Ìdí Tí Ara Fi Ń Kọ Oríkèé Àjèjì

Bí ẹ̀yà ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, mẹkáníìkì a yọ irú rẹ̀ lára ògbólógbòó ọkọ̀ mìíràn, a fi rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ a sì máa lọ. Orúnkún ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1908, Erich Lexer, oníṣègùn ará Jámánì, ròyìn bí òun ti mú odidi oríkèé orúnkún lára ẹsẹ̀ tí a gé, tí òun sì gbé e sí ara ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, síbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn oríkèé náà ni ó bàjẹ́.

Ehoro ni ó tú àṣírí náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Peter Medawar ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bó awọ lára ehoro kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òmíràn. Awọ náà kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó kú, ó sì já bọ́. Nígbà tí ó tún mú awọ lára ehoro àkọ́kọ́ yẹn fún èkejì, kíá ni ó já bọ́. Ara ti rántí àlejò àná! Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ-ogun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Eegun rírọ̀ tí ó bo ẹnu oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọmọ-ogun wọ̀nyí kì í tètè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun líle àti mùdùnmúdùn inú rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1954, ní Boston, a gbé kíndìnrín ìbejì kan fún èkejì rẹ̀, ara kò sì kọ̀ ọ́, nítorí ẹyin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ìbejì ni ó rí bẹ́ẹ̀: ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ìbejì Yorùbá ti wá, bí ọmọ ìyá lásán ni wọ́n sì rí lójú ẹ̀jẹ̀.

Ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni a ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní 2000. Ẹni tí ó bá gba irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ ní láti máa lo òògùn tí ń dá ọmọ-ogun ara lẹ́kun, bí àìsàn mìíràn tilẹ̀ lè ti ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ikú ń lé kò lè kọ̀ ọ́. Orúnkún dídùn kì í pani. Nítorí náà, irin àti ike ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí ara kì í bá irin jà bí ó ti ń bá ẹran ara ẹlòmíràn jà.