Àbàwọ́n Ara Eyín Iwájú: Ìtọ́jú Tí Kò Gba Gígé Eyín

Kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n eyín ni ó jẹ́ ìdọ̀tí. Ní àgbègbè Bongo, ní òkè ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ghana, fúlóráìdì inú omi àwọn kànga kan pọ̀ ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Ọmọ tí ó bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó tó pé ọdún 8, nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú erìgì, lè hu eyín tí ó ní àmì funfun bí ẹfun, tàbí àmì tí ó pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá dàgbà tí ó wá ń ṣòwò ní Asafo, ní ìlú Kumasi, àmì náà yóò bá a débẹ̀. Omi Kumasi kò lè pa á rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi èédú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ha á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èèpo líle òde eyín kì í tún hù. Nítorí èyí kan náà, kí òṣìṣẹ́ ìlera má ṣe yára gé eyín tí ó yè láti dé e ní adé.

Àmì funfun ń hàn nítorí pé ihò tíntìntín wà nínú èèpo eyín, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń tú ká níbẹ̀. Bí eyín bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a gba ipò omi inú ihò, àmì náà a sì túbọ̀ funfun. Ìtọ́jú kan tí a ṣe ní Jámánì, tí ó dé ọjà ní 2009, lo òye yìí. Dókítà eyín yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dáàbò bo erìgì, yóò fi ásíìdì ṣí ẹnu ihò, yóò fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ gbẹ, yóò jẹ́ kí rẹ́sìnì olómi rin wọlé, yóò sì fi iná búlúù sọ ọ́ di líle. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ́sìnì kọjá bí ó ti ń gba inú èèpo eyín, àmì náà a sì fara sin. Kò gba lílu eyín. Bí ọtí bá kan àmì náà tí ó ṣì funfun gbòò, ó sábà yẹ kí a tún ásíìdì fi sí i kí rẹ́sìnì tó wọlé.

Àmì rúsúrúsú sábà ń kọ́kọ́ gba fífi ìpara ásíìdì àti ìyẹ̀fun líle kíkúnná bó ojú eyín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti ilé. Èyí tí ó bá jinlẹ̀ lè má lọ tán. Kí aláìsàn gbọ́ èyí kí ó tó sanwó. Kí dókítà sì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá eyín jíjẹrà ni.

Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Komfo Anokye ní Kumasi ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Ẹ béèrè níbẹ̀ irú ìtọ́jú tí ó wà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí dá ọṣẹ ìfọyín dúró fún ọmọdé: tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó.